Òòlù Ìjọba àti Ohùn Àwọn Ìyá

Àwa ọmọ Ìgbómìnà, ọmọ Ajagunnlà Fágbàmílà, inú igbó ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa sọ fún wa pé nígbà tí Ọ̀ràngún, baba ńlá wa, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ogbó ni ó mú lọ́wọ́, ogbó náà ni ó sì ń la ọ̀nà fún un láàárín ìtàkùn, ẹ̀gún àti igi ràbàtà, títí ó fi mú un dé ibi tí yóò tẹ̀dó sí. Nítorí náà, ìran tí ogbó ṣe amọ̀nà rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tijú pé òun gé igi. Ẹni tí kò ṣán oko kì í kórè, ẹni tí kò sì gé òpó kì í kọ́lé. Ṣùgbọ́n ogbó baba wa ní àkọ̀. Bí ó bá ti la ọ̀nà tán, bí ó bá ti ṣán ìwọ̀n oko tí apá ìdílé kan ká, inú àkọ̀ ni yóò padà sí, igbó yóò sì mí. Ẹ̀rọ ayùn tí ó ń ké lórí àwọn òkè wa lóde òní ni kò ní àkọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó sì mú mi gbé kálámù.

Iṣẹ́ aṣọ́gbó ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo wọ iṣẹ́ náà nígbà tí Ìlá, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Mo wọ aṣọ kákí, mo gbé òòlù ìjọba kọ́ èjìká, mo sì gun òkè tí n kò lè ka iye wọn. Ní gbogbo àkókò náà, ìbéèrè kan ni kò yé jẹ mí lógún: kí ni ó fà á tí igbó orí òkè kan fi ń kú, tí èkejì rẹ̀ tí kò jìnnà sí i sì ń dúró, nígbà tí ó jẹ́ pé òfin kan náà ni ó de àwọn méjèèjì, tí ó sì jẹ́ pé aṣọ́gbó kan náà ni ó ń ṣọ́ wọn? Ìdáhùn tí mo rí sí i kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa. Mo rí i pé olùṣọ́ mẹ́ta ni igbó ti ní ní ilẹ̀ wa: èkíní ni èèwọ̀, èkejì ni òòlù ìjọba, ẹ̀kẹta ni àwọn ìyá tí wọ́n ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè. Ẹ̀kẹta yìí ni ó pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́, òun ni a sì kà kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yẹ̀ wò. Láyé àtijọ́, ìlú tí ó bá tó ìlú a máa ní igbó Orò tirẹ̀ àti igbó ìgbàlẹ̀ tirẹ̀, a sì máa ní igi ńlá kan ní ẹ̀bá ìsun omi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irin kàn. Nínú àwọn igbó wọ̀nyí, òmíràn wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú sí rárá. Ìbẹ̀rù tí ó lé obìnrin sẹ́yìn náà ni ó sì lé àáké sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń jẹ èrè igbó tí wọn kò gbọdọ̀ wọ̀: omi tí ó ń sun láti ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń pọn, òjìji rẹ̀ ni ó ń mú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ oko wọn tutù, ẹyẹ àti àdán tí ó ń wọ̀ sí inú rẹ̀ ni ó sì ń gbin igi eléso káàkiri fún wọn. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí ó jẹ́ pé ìbẹ̀rù nìkan ni agbára rẹ̀, ọjọ́ tí ìbẹ̀rù bá tán ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmàle dé, Ìgbàgbọ́ dé, ilé-ìwé dé, ọ̀pọ̀ ọmọ sì dàgbà tí wọn kò rí ohun mìíràn nínú igbó náà mọ́ ju pákó lọ. Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé láti kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò, pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́, ẹbọ ni yóò máa gbà. Òótọ́ ni òwe náà ní ọjọ́ tí wọ́n pa á, nítorí pé nígbà náà, àwọn géńdé ọkùnrin pẹ̀lú àáké yóò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà ní ìdí ìrókò kan ṣoṣo, wọn a sì ti gbìmọ̀ pọ̀, wọn a ti dá Ifá sí i, ìdí igi náà a sì ti rí ìpẹ̀tù kí ẹnikẹ́ni tó gbé àáké sókè. Lónìí, ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ní ẹ̀rọ ayùn àti epo pẹtiróòlù díẹ̀ yóò ti gbé ìrókò tí ó ti wà kí bàbá ńlá wọn tó dáyé lulẹ̀ kí oòrùn tó gun àtàrí. Apá ti ká ìrókò. Òwe kò purọ́; ayé ni ó yí kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Olùṣọ́ kejì ni òòlù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé e dé: ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, ní 1901 ni òfin igbó dé, òfin mìíràn sì tún tẹ̀lé e ní 1937. Àwọn àgbẹ̀ sọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní igbó ọba, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá dáko níbẹ̀ láìgba àṣẹ yóò fojú ba kóòtù. Iṣẹ́ òòlù kò le láti ṣàlàyé: onígẹdú yóò san owó, a óò fún un ní ìwé àṣẹ, òun yóò gé igi, aṣọ́gbó yóò sì fi òòlù tí ó ní àmì ìjọba lẹ́nu lu kùkùté àti ìtì igi náà, kí ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ lójú títì lè mọ̀ pé igi tí ó ní bàbá ni. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu òòlù. Òun ni ó bọ́ àwọn ọmọ mi, bí kò bá sì sí i, Ṣáṣá, Àgó-Òwu àti Ìkéjì-Ìpetu kì bá tí ní orúkọ igbó lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n kà. Ó mọ bí afàrà ṣe sanra tó, ó mọ iye tí ọ̀mọ̀ àti arère ń mú wọlé, ṣùgbọ́n kò mọ ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, kò mọ olú, kò mọ ìgbín, kò mọ egbò tí eléwé ọmọ ń wà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìsun omi. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é: ìjọba pe igbó ní gẹdú, ayé sì bá a pè é ní gẹdú, títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ìbílẹ̀ kúrò kí á lè fi tíìkì àti Gmelina rọ́pò rẹ̀, tí a sì ń pe èyí náà ní igbó. Igi wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá gbé agbọ̀n wọ inú rẹ̀, agbọ̀n òfìfo ni yóò gbé jáde.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún wá lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀, nítorí pé ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkóso gómìnà, nígbà tí àwọn ẹbí ṣì gbà pé àwọn ni wọ́n ni òkè tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú igbó orí òkè ní ìhà tiwa ni kì í ṣe igbó ọba rárá. Láti Òkè-Ìlá, níbi tí omi Ayíkúnnugbá ti ń já bọ́ láti orí àpáta, títí dé àwọn òkè tí ó wà lọ́nà Ìmẹ̀sí-Ilé, olórí ẹbí ni onígẹdú ń wá lọ bá. Olórí ẹbí jẹ́ ọkùnrin, baálẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, onígẹdú jẹ́ ọkùnrin, aṣọ́gbó tí yóò lu òòlù náà sì jẹ́ ọkùnrin. Ẹni tí ó ń gun òkè náà lójoojúmọ́ nìkan ni wọn kò pè sí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí.

Mo rántí abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè, tí onígẹdú kan mú ìwé àṣẹ tí kò ní àbàwọ́n wá sí. Ó ti san owó ìjọba, ó ti rí olórí ẹbí, ó sì ti fún àwọn àgbà abúlé ní ohun tí wọ́n fi ń mu ẹmu. Èmi ni wọ́n rán láti lu òòlù. Nígbà tí a gun òkè dé ibẹ̀, àwọn obìnrin ti wà ní ìdí àwọn igi tí ó yí ìsun omi ká. Wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n jókòó, àwọn kan ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, àwọn kan ń fún ọmọ lọ́mú, kò sì sí ẹni tí ó pariwo nínú wọn. Ìyá àgbà tí ó jẹ́ aṣíwájú wọn kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ará ilé mi, ó sì ní kí n bá òun ka ìwé náà. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́. Ìwé yìí ka igi. Ibo ni ó ti ka omi?” N kò lè fi ibi tí ó ti kà á hàn án, nítorí kò sí níbẹ̀.

Onígẹdú náà kò gbà. Ó fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní abúlé, ó rò pé yóò sú àwọn obìnrin náà. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan tí ó ta gààrí fún wọn, kò sí ẹni tí ó ta ẹ̀kọ fún wọn, kò sí ẹni tí ó yá wọn ní ìkòkò. Bí wọ́n bá kí wọn, àwọn obìnrin a dáhùn. Bí wọ́n bá na owó, àwọn obìnrin a ní ọjà ti tán. Ebi ni ó lé àwọn agégi sọ̀kalẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé kùmọ̀ sókè sí wọn. Àwọn ọkùnrin abúlé náà ni wọ́n kọ́kọ́ bínú, nítorí pé onígẹdú ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí kànga gbẹ ní àwọn abúlé yòókù, àwọn ọkùnrin kan náà ni wọ́n ń fi ìsun omi wọn yangàn. Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má lọ.

Irú ọgbọ́n yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Himalaya ní ilẹ̀ Íńdíà, odò Alaknanda kún ní 1970, ó sì gbá abúlé àti oko lọ, àwọn ará òkè sì rí i pé igi tí wọ́n ti gé kúrò lórí òkè ni ó jẹ́ kí omi rí ọ̀nà sáré. Síbẹ̀, ìjọba tún ta igi tí ó lé ní 2,000 ní igbó abúlé Reni fún agbaṣẹ́ṣe kan. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 1974, nígbà tí àwọn ọkùnrin abúlé ti lọ sí ìlú nítorí owó ilẹ̀ tí wọ́n ti ń retí tipẹ́, ni àwọn agégi wọlé. Gaura Devi, opó kan tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé náà, kó obìnrin jọ, gbogbo wọn jẹ́ 27, wọ́n gun òkè lọ, wọ́n dúró láàárín àáké àti igi, wọ́n sì ṣọ́ igbó náà mọ́jú títí àwọn agégi fi padà lẹ́yìn. Ìjà yẹn, tí ayé mọ̀ sí Chipko, tàn ká àwọn òkè náà títí tí Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, fi gbà ní 1980 pé kí wọ́n dá gígé igi fún títà dúró níbẹ̀ fún ọdún 15. Àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn yìí a máa gbé bí wọ́n ṣe dì mọ́ igi ga, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ yẹn ni mo fi ń kọ́gbọ́n. Ọkùnrin tí ó ń retí owó rọrùn láti pè lọ sí ìlú. Obìnrin tí yóò dáná alẹ́ òní, tí yóò sì pọn omi àárọ̀ ọ̀la, ibo ni wọn yóò pè é lọ?

Ní Kenya, Wangari Maathai, ọmọ agbègbè òkè Nyeri, dá ẹgbẹ́ Green Belt Movement sílẹ̀ ní 1977, nígbà tí àwọn obìnrin ìgbèríko ń ráhùn pé igi ìdáná ti jìnnà àti pé odò ń gbẹ. Ibì kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ó kan àwa aṣọ́gbó gbọ̀ngbọ̀n: àwọn aṣọ́gbó ìjọba wá láti kọ́ àwọn obìnrin náà ní igi gbíngbìn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìwé lọ́ ọ títí ohun tí kò le fi di ohun tí ó le. Maathai bá ní kí àwọn obìnrin lo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà, ó sì ń pè wọ́n ní aṣọ́gbó tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rín o: ní 1999, nígbà tí ó lọ gbin igi sí igbó Karura ní Nairobi, tí àwọn alágbára ti ń pín láàárín ara wọn, àwọn ìpáǹle lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn ní orí rẹ̀. Nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004, tí ó di obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á, igi tí àwọn aṣọ́gbó aláìníwèé-ẹ̀rí wọ̀nyí ti gbìn ti lé ní mílíọ̀nù 30. Àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Kí olúkúlùkù ka ti orí òkè tirẹ̀.

Ní Òṣogbo nítòsí wa, igbó Ọ̀ṣun wà, níbi tí ó jẹ́ pé Ìyá Ọ̀ṣun ni ó ń bọ òrìṣà, tí ó sì jẹ́ pé wúńdíá ni Arugbá tí ń ru igbá lọ sí ojúbọ. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950; òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà àti olùsìn Ọ̀ṣun tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí àáké àti alágbàtà ilẹ̀ wọ ibẹ̀ títí ó fi papò dà ní 2009. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Hẹ́kítà 75 ni, igi rẹ̀ sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo omi rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti ya bo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí odò náà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń gbà kọjá, ni omi Ọ̀ṣun ti pọ́n, títí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn olùsìn má mu ún. Igbó ìsàlẹ̀ ní olùṣọ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Òkè tí omi ti ń wá ni kò ní. Bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni a kọ́kọ́ ń gbé, ẹni tí ó sì ń gbé ní òkè náà ni ìyá abúlé tí òpìtàn kankan kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní gbogbo obìnrin ni ó fẹ́ràn igbó, kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń sun èédú. Mo ti bá obìnrin níbẹ̀, tí wọ́n ń di èédú sínú àpò fún àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ìyá tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ irú títà, pé kí ni ó gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ó ní igi irú tí òun ti ń ṣà láti ọdún tí òun ti wọlé ọkọ, àbúrò ọkọ òun ti tà á fún àwọn elédùú nígbà tí ọkọ òun kú; ó ní bí igi bá ti máa kú náà ni, kí òun kúkú rí owó ilé-ìwé ọmọ òun nínú ikú rẹ̀. Ìwàásù wo ni ènìyàn fẹ́ ṣe fún un? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo gbé ìyá yìí sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá ìdí ìsun omi, ni ìbéèrè mi àtijọ́ tó rí ìdáhùn. Kì í ṣe pé inú àwọn ti ọ̀hún mọ́ ju ti èyí lọ. Àwọn ti ọ̀hún ní ìdánilójú pé igi tí wọn kò gé lónìí, àwọn àti ọmọ wọn ni yóò bá a ní ọ̀la, nítorí pé ohùn wọn tó láti dá ẹni tí ó bá fẹ́ gé e dúró. Èyí kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi hàn án pé ohun tí ó bá fi pamọ́, ẹlòmíràn ni yóò tà á. Òkè tí àwọn obìnrin rẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀ ni ó dúró. Òkè tí wọ́n ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni ó di gbalasa, ìbáà jẹ́ pé òòlù ń dún níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn kan yóò ní a fẹ́ kó àṣà òkèèrè wọ̀lú. Ìran tí ó ní Ìyálóde àti Ìyálọ́jà kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láìfi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí wọ́n tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nítorí owó orí, títí Aláké, ọba wọn, fi fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti lọ kọ́ ọ? Ohùn náà ti wà. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ó dún ni ó yí padà. Lóde òní, wọ́n a máa gbé ìgbìmọ̀ igbó kalẹ̀ ní ìlú, wọ́n a sì ní àwọn ti fi obìnrin sí i. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, mo sì rí i tí wọ́n fi obìnrin náà sí ìdí oúnjẹ, tí àwọn ọkùnrin ń fọwọ́ sí ìwé nínú yàrá kejì. Ìyẹn kọ́ ni à ń wí.

N kò sì sọ pé kí ìjọba lọ jókòó. Àwọn obìnrin lè fi ebi lé agégi kan sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ebi lé ẹni tí ó kó ọlọ́pàá lẹ́yìn wá. Òfin ni a fi ń kojú ìyẹn. Aṣọ́gbó pẹ̀lú kò lè wà lórí òkè lóru, kò sì lè mọ̀ ní ọjọ́ tí ìsun omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí ìwé àṣẹ kankan má jáde lórí igbó òkè láìjẹ́ pé àwọn obìnrin tí wọ́n ń pọn omi ní ẹsẹ̀ òkè náà ti fọwọ́ sí i ní gbangba, kí igi irú tí opó ń ṣà má ṣe jẹ́ ohun tí ẹbí ọkọ lè tà lẹ́yìn rẹ̀, kí ìwé tí ó ń ka igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi. Lórí òkè mìíràn ó ti pẹ́ jù, nítorí kí a tó wá aṣọ fún Ọmọyẹ, Ọmọyẹ ti rin ìhòòhò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn òkè kan ṣì wà tí aṣọ wọn kò tíì bọ́, àwọn tí yóò sì bá wa di aṣọ náà mú kò béèrè owó oṣù. Ẹnu ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Igi kan kò lè dá igbó ṣe, òòlù kan kò sì lè dá a ṣọ́.